Ọjọ́ 90 kì í ṣe ìwé ìgbélùú: Ohun tó yẹ kí ọmọ Ìgbómìnà tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Gánà mọ̀

Ọjọ́ 14 péré ni ìjọba Gánà fún wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia kéde pé àjèjì yòówù tó bá ń gbé ní orílẹ̀-èdè náà láìní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá ìwé náà gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí gbèdéke náà fi pé lóṣù Kejìlá, ojú títì tó gba ilẹ̀ Tógò àti Dàhòmì, tó ti di ilẹ̀ Olómìnira Benin lónìí, ti kún fún àwọn Yorùbá tó ń padà bọ̀ wálé. Àwọn kan ti lo 20 ọdún níbẹ̀, àwọn mìíràn ti lò tó 40 ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó tẹ̀lé wọn ni kò mọ ìlú tí wọ́n ń pè ní ilé, nítorí pé Gánà ni wọ́n bí wọn sí, èdè ibẹ̀ ló sì dáńtọ́ lẹ́nu wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní 50 ọdún, ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣojú wọn sì ti di àgbà tàbí kí wọ́n ti re ibi àgbà ń rè. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí wọ́n sọ ọ́ sétí àwọn ọ̀dọ́ Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Ìdí ni pé ìrìn-àjò tí àwọn bàbá rìn nígbà náà ni àwọn ọmọ tún ń múra láti rìn báyìí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú òyìnbó, tí kò sì lè fara mọ́ ewu aṣálẹ̀ Sàhárà, ibi tó máa ń kọ́kọ́ wò ni Kútọnu, Lomé, Accra tàbí Abidjan. Wọ́n á ní ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀, kò sí físà, àti pé àjọ ECOWAS ti sọ gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà di agboolé kan ṣoṣo.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Àṣẹ láti wọ ìlú yàtọ̀ sí àṣẹ láti gbé ìlú, àṣẹ láti gbé ìlú náà sì yàtọ̀ sí àṣẹ láti tajà níbẹ̀. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló kó ọ̀pọ̀ sínú wàhálà lọ́dún 1969, òun náà ló sì ń ti ṣọ́ọ̀bù pa mọ́ àwọn mìíràn lórí láyé òde òní.

Ìṣípòpadà kò ṣàjèjì sí Ìlá rárá. Ìtàn àbáláyé ìlú náà sọ pé Ọ̀ràngún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ Odùduwà tó ti Ilé-Ifẹ̀ jáde. Ó tún sọ pé Ìlá Yàrà ni wọ́n ń gbé kí ọ̀rọ̀ oyè tó pín àwọn ọmọ ọba níyà, tí apá kan fi tẹ Òkè-Ìlá dó, tí apá kejì sì wá sí ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìlá-Ọ̀ràngún lónìí. Nígbà tí àwọn òyìnbó tún dé, wọ́n fa ààlà Gúúsù àti Àríwá gba àárín Ìgbómìnà kọjá. Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà bọ́ sí Gúúsù. Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òrò àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn bọ́ sí Àríwá. Títí di òní, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, ni ti àkọ́kọ́ wà, Ìpínlẹ̀ Kwara sì ni ti ìkejì. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, oríkì kan náà ni wọ́n ń kì, síbẹ̀ bí ọmọ Ìlá bá kọjá sí Òmù-Àrán lọ wá iṣẹ́ ìjọba, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni ìpínlẹ̀ tó ti wá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ààlà ìpínlẹ̀ ṣe lágbára tó láàárín ọmọ ìyá, ta ló wá yẹ kó yà lẹ́nu pé ààlà orílẹ̀-èdè lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìgbà tí àwọn Yorùbá ń wọ́ lọ sí Gold Coast, orúkọ tí wọ́n ń pe Gánà kó tó gba òmìnira lọ́dún 1957, ààlà náà kò tíì lágbára. Òyìnbó kan náà ló ń ṣàkóso ìlú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà, Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú Ìgbómìnà ni wọ́n ti ń lọ. Òwò aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan lọ síbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì, àwọn mìíràn gba Kumasi lọ sí Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní àríwá Gánà. Ẹnìkan á kọ́kọ́ lọ, bó bá rí ọ̀nà, á ránṣẹ́ sí àbúrò, àbúrò á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n dání, títí tí ọmọ ìlú kan á fi pọ̀ nínú ọjà kan. J. S. Eades, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odidi ìwé kan lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò tó wà ní àríwá Gánà, tó jáde lọ́dún 1993. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìlú abínibí wọn.

Kí ló wá dé tí ilẹ̀ tó gba àlejò fi lé wọn? Ọrọ̀ ajé ni. Owó kòkó, tí Gánà gbójú lé, já wálẹ̀ gan-an láàárín ọdún 1960 sí 1966. Gbèsè wọ orílẹ̀-èdè náà lọ́rùn, àwọn sójà sì lé Ààrẹ Kwame Nkrumah kúrò lóyè ní oṣù Kejì, ọdún 1966. Nígbà tí Busia wọlé lọ́dún 1969, àìríṣẹ́ṣe ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń wo ìsọ̀ àwọn Yorùbá àti ti àwọn Haúsá nínú ọjà, wọ́n ní àwọn àjèjì ló gba oúnjẹ ẹnu àwọn. Ìjọba tuntun náà kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi pàṣẹ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó tún ṣe òfin tó ya àwọn òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìtàn máa ń fò. Lórí ìwé, àṣẹ ọdún 1969 kò sọ pé kí gbogbo àjèjì máa lọ. Ohun tó sọ ni pé kí ẹni tí kò níwèé máa lọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ Yorùbá kò gba ìwé kankan láti bí ọdún gbọ̀ọ̀rọ̀, tí ọjọ́ 14 kò sì tó láti rí i gbà, àṣẹ náà di ìlélọ. Àwọn kan rí ìwé gbà, wọ́n dúró, àwọn ọmọ Yorùbá sì ṣì wà ní Gánà títí di òní. Àwọn tí kò rí i gbà fi ṣọ́ọ̀bù, gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n, àti ilé tí wọ́n kọ́ sílẹ̀. Nàìjíríà tí wọ́n padà sí náà kò rójú: ogun abẹ́lé ṣì ń jà lọ́wọ́, kò sì parí títí di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970.

Lílé tí wọ́n lé àwọn àjèjì kò sì tún Gánà ṣe. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó wà lára àwọn tó lọ, àìtó òṣìṣẹ́ sì bá àwọn oko náà. Nígbà tó fi di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1972, àwọn sójà ti gba ìjọba lọ́wọ́ Busia.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí a bá ń bá ẹlẹ́gbin wí, ká má ṣe gbàgbé ara wa. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé fi Nàìjíríà sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni tiwọn. Àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó ẹrù wọn sínú báàgì onílà gàdàgbà-gadagba tó wá ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní. Lọ́dún 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari tún lé àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: owó epo rọ̀pì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti wọ́n, ìdìbò ń bọ̀ lọ́dún 1983, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dùn, àlejò lẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tó bá korò, àjèjì lẹ dà.

Kí ni àjọ ECOWAS wá tún ṣe? Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nílùú Èkó. Lọ́dún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn aráàlú wọn lè máa rìn fàlàlà láàárín ara wọn. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín àdéhùn náà sí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú láìgba físà, kí èèyàn sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Ìkejì, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1986, ni ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú náà kéèyàn sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìkẹta, tó wáyé lọ́dún 1990, ni ẹ̀tọ́ láti dá okòwò sílẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, òun náà ló sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ìpele kejì kò sọ pé kí èèyàn jókòó láìgba ìwé. Ìwé ìgbélùú wà nínú rẹ̀ gbangba. Àdéhùn ọdún 1986 náà ló tún kà á léèwọ̀ kí orílẹ̀-èdè kan kó àjèjì jọ lé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn dára, nítorí pé kò sí irú ààbò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1969. Ṣùgbọ́n kò gba ẹni tí ọjọ́ 90 rẹ̀ ti pé, tí kò sì wá ìwé kankan gbà, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó bá mú un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gún èèyàn lára jù ni ìpele kẹta. Lọ́dún 2013, ilé aṣòfin Gánà ṣe òfin kan lórí ìdókòwò. Òfin náà ya kárà-kátà inú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà. Ó ní àjèjì tó bá fẹ́ máa ra ọjà láti máa tún un tà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́ sí iṣẹ́. Ọmọ Ìlá wo, tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi ra ẹ̀yà ara fóònù lọ tà ní Kumasi, ló ní mílíọ̀nù kan dọ́là? Láàárín ọdún 2018 sí 2020, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà Gánà àti àwọn tó ń fìdí òfin múlẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi. Ìjọba Nàìjíríà ní ìyẹn ta ko àdéhùn ECOWAS. Àwọn ọlọ́jà Gánà ní òfin ìlú àwọn làwọn ń tẹ̀ lé. Bí àwọn ìjọba ṣe ń jiyàn, owó ilé ń gorí ara wọn, ọjà sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi àgádágodo tì.

Ní oṣù Keje, ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà tún bọ́ sí ìgboro. Àwọn kan ṣe ìwọ́de ní Gánà pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ, wọ́n sì fẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn kàn wọ́n. Ìjọba Gánà fọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa lé ẹnikẹ́ni, Nàìjíríà náà sì rán mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Ìyáàfin Bianca Ojukwu, lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ láìdà bíi ti 1969. Àmọ́ ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí okùn, ó yẹ kó fura.

Kò wá túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ti sọ Côte d'Ivoire di ilé kejì. Ọkọ̀ ń gbéra láti Ẹ̀jìgbò lọ sí Abidjan, wọ́n ń ṣẹ́ owó sẹ́fà sí náírà nínú ìlú náà, èèyàn sì lè gbọ́ èdè Faransé nínú ọjà. Àwọn náà ti jẹ ìyà níbẹ̀: lọ́dún 1990, ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa gba káàdì ìgbélùú, kò sì mú un kúrò fún àwọn ọmọ ECOWAS títí di ọdún 2007. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 àti rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò ọdún 2010 sì lé ọ̀pọ̀ wọn wálé. Ohun tó mú wọn dúró ni pé wọn kò já okùn ilé. Wọ́n ń kọ́lé sí Ẹ̀jìgbò, wọ́n ń wálé ṣọdún, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí iná jó lọ́hùn-ún, wọ́n níbi tí wọ́n forí pamọ́ sí. Nígbà tó kú, wọ́n padà.

Ohun tó ń ti àwọn ọ̀dọ́ jáde báyìí kò fara sin. Ṣáájú oṣù Kẹfà, ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti kọjá náírà 1,500. Owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti so ó mọ́ owó yúrò lójú kan. Ẹni tó bá ń gba sẹ́fà, bó bá fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ó ti di owó ńlá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ìlú aládùúgbò ló rọ̀ṣọ̀mù. Gánà fúnra rẹ̀ kéde lóṣù Kejìlá, ọdún 2022, pé òun kò lè san púpọ̀ nínú gbèsè tí òun jẹ nílẹ̀ òkèèrè mọ́. Ìgbà tí ebi bá sì ń pa onílé ni ojú rẹ̀ máa ń wà lára àlejò.

Àjọ ECOWAS náà kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, Mali, Niger àti Burkina Faso jáde kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Àwọn méjèèjì ṣì fọwọ́ sí i pé kí àwọn èèyàn máa rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ ná, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ kọ, wọ́n lè fọwọ́ pa á rẹ́.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìrìnnà tòótọ́, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀ ní ẹnubodè. Ọ̀pọ̀ máa ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú tàbí kí wọ́n fún aṣọ́bodè lówó láti kọjá. Wọ́n gbàgbé pé ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ kò lè fi ọjọ́ tó wọlé hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 90 kankan. Kí ọjọ́ náà tó pé, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ìgbélùú àti ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ní Gánà, káàdì ìdánimọ̀ tiwọn tún wà fún àjèjì tó ń gbé níbẹ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ọwọ́, bíi télọ̀, mẹkáníìkì tàbí olùkọ́, yẹ kó ronú lórí gbígba iṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn dípò ìsọ̀ inú ọjà, nítorí pé inú ọjà ni ìjà àjèjì àti onílé ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó sì fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà tó wà níbẹ̀.

Àwọn òbí tó ní ọmọbìnrin ní láti ṣọ́ra jù. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ ilé oúnjẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge tan ọmọ lọ sí ìlú aládùúgbò pọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2019, olórí àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, Julie Okah-Donli, sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin Nàìjíríà tó tó 20,000 wà ní Mali nìkan lẹ́nu irú ìṣekúṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí alágbàtà bá gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì rí iṣẹ́ o, ó ti bọ́ sóko ẹrú ni.

Iṣẹ́ kan tún wà fún àwọn tó wà nílé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń kó owó jọ fún ọjọ́ ọdún lè ní ìwé kan tí wọ́n á máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun àti nílẹ̀ aládùúgbò sí, kí wọ́n lè mọ ibi tí oníkálukú wà bí wàhálà bá dé. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti Ifẹ́dayọ̀ lè ṣe àlàyé òfin ìrìnnà fún àwọn ọ̀dọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Èyí kò ná wọn ní owó ńlá. Ohun tó máa ná wọn lówó ni kí ọkọ̀ akẹ́rù já ọgọ́rùn-ún ìdílé sílẹ̀ ní gbàgede ìlú lọ́jọ́ kan, láìsí ilé, láìsí iṣẹ́, láìsí ẹni tó mọ̀ wọ́n.

Àwọn tó padà dé lọ́dún 1969 kò ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì jalè. Iṣẹ́ ni wọ́n lọ ṣe, wọ́n sì ṣe é dójú àmì. Ohun méjì ló fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo: ìwé tí ọ̀pọ̀ kò gbà nígbà tí ara dẹ̀, àti ilé tí àwọn kan ti gbàgbé. Àwọn tó kọ́lé sílé ríbi sùn lóru ọjọ́ tí wọ́n dé. Ọmọ Ìgbómìnà tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kó lọ, kó sì là. Kó ṣáà rántí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, kó sì rí i pé ilé wà tó fẹ́ padà sí.